Ta Ni Ó Rán Ẹ̀rọ Níṣẹ́? Àyẹ̀wò Èdè Òfin lórí Ohun Ìjà Adáṣiṣẹ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí ni a máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí: ẹni tí a rán kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ líle ní líle bí a ṣe fi rán an, ó ní láti fi ọgbọ́n àti ojú àánú tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Ohun tí a kì í sábà sọ nínú kíláàsì ni pé òwe náà jẹ́ òfin pẹ̀lú. Ó ń sọ pé iṣẹ́ tí a rán ènìyàn kò gba làákàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ẹnu ẹni tí ó rán iṣẹ́ àti etí ẹni tí a jẹ́ ẹ fún, ènìyàn kan wà tí ó lè ronú, tí ó lè dúró, tí ó sì lè padà sẹ́yìn.

Ohun ìjà ti wà lóde báyìí tí ó lè mú ènìyàn àárín yẹn kúrò. Bí a bá ti tan án tí a sì fi ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ohun tí yóò kọlù rí, tí yóò sì kọlù ú. Bí ó bá pa ẹni tí kò yẹ kí ó pa, ta ni yóò jíhìn? Láti ọdún 2014 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń jókòó ní Geneva lórí ìbéèrè yìí, ìwé tí wọ́n sì ti kọ lórí rẹ̀ kò kéré. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò èdè tí irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti kọ́ agbẹjọ́rò ní òfin. Iṣẹ́ wa ni láti ka gbólóhùn, kí a wo ohun tí ó jẹ́ olùwà rẹ̀, kí a sì béèrè ẹni tí gbólóhùn náà fi pamọ́. Èrò wa ni pé ìjà lórí ẹni tí yóò jíhìn jẹ́ ìjà lórí olùwà gbólóhùn, àti pé àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ní ipa láti kó nínú rẹ̀ kí àṣà ìkọ̀wé kan tó fìdí múlẹ̀ tí a kò ní lè yí padà mọ́.

Láti orí ẹbìtì dé orí kọ̀ǹpútà

Ohun tí a fi sílẹ̀ kí ó bá wa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wa kì í ṣe àjèjì sí ìrònú wa. Ọdẹ tí ó dẹ ẹbìtì kì í sí níbẹ̀ nígbà tí ẹbìtì bá ré. Àgbẹ̀ tí ó fi ààlè sí ìdí igi ìdáná rẹ̀ kì í dúró ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ààlè máa ń hàn gbangba. Bí kò bá hàn, kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹbìtì ni ó jẹ̀bi bí ó bá mú ọmọ aládùúgbò. Ọdẹ tí ó dẹ ẹ ni a ó ké sí. Àdó olóró tí a ń rì mọ́lẹ̀ ni ìbátan ẹbìtì lójú ogun. Àdéhùn Ottawa ti ọdún 1997, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1999, fòfin de irú èyí tí a ń rì de ènìyàn. Àdéhùn náà kò bá àdó wí. Àwọn ìjọba tí ó ń ṣe é, tí ó ń tà á, tí ó sì ń rì í ni ó bá wí.

Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ti òde òní ni pé ohun ìjà náà ń wò. Ó ń fi ohun tí ó rí wé àpẹẹrẹ tí wọ́n ti kó sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwọ̀n bí wọ́n ṣe jọra ni ó sì fi ń mọ ibi tí yóò dojú ìjà kọ. Níbi tí ó ti ń wò yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé, níbẹ̀ náà sì ni ẹ̀bi ti ń sá lọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2003, nígbà ogun Iraq, ẹ̀rọ Patriot ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yin bàálù ogun Tornado kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń padà sí ibùdó rẹ̀ ní Kuwait. Àwọn méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Ẹ̀rọ náà ti ka bàálù ọ̀rẹ́ sí mísáìlì ọ̀tá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Patriot tún já bàálù F/A-18 ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lulẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí Tornado to okùnfà jọ: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín ohun tí ó bá rí sí ìsọ̀rí, àṣẹ tí ó sọ ìgbà tí a lè yìnbọn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tí ó jókòó ti ẹ̀rọ, àti ẹ̀rọ ìdánimọ̀ bàálù náà tí kò ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ó ń gba iléeṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà nímọ̀ràn sọ ní ọdún 2005 pé bí wọ́n ṣe ṣètò lílo Patriot jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti kọ́ àwọn tí ó ń lò ó láti gbára lé ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ.

Àkójọ okùnfà yẹn yẹ fún àyẹ̀wò. Ènìyàn kò ṣàìsí nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà wà, ẹni tí ó kọ àṣẹ ìyìnbọn wà, olùkọ́ wà, ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì náà wà. Ẹ̀bi wá pín sí kéékèèké títí kò fi tó ohun tí a lè dì lé ẹnì kan lórí. Èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn ṣì lè sọ pé rárá. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tí ẹ̀rọ yóò bi léèrè? Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn ògbógi tí ó ń ṣọ́ ìfòfinde ohun ìjà ní Libya fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé ní ọdún 2020, àwọn kan lo drónù Kargu-2, tí iléeṣẹ́ kan ní Turkey ṣe, láti lépa àwọn ọmọ ogun tí ó ń sá padà. Wọ́n ní a ti ṣètò rẹ̀ kí ó lè kọlu ènìyàn láìjẹ́ pé ìsọfúnni ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín òun àti ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Ìròyìn náà kò sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ drónù náà kú. Ṣùgbọ́n ohun ìjà tí ó bá wọ Libya kì í pẹ́ kí ó tó sọdá aginjù sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ojú Mali rí lẹ́yìn ọdún 2011 kọ́ wa ní èyí.

Gbólóhùn tí ó fi ọwọ́ pamọ́

Ìlànà 3000.09 ti iléeṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2012 tí a sì tún ṣe ní ọdún 2023, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí fún ìtumọ̀ ohun ìjà adáṣiṣẹ́. Kókó rẹ̀ ni pé ohun ìjà bẹ́ẹ̀, bí a bá ti tan án, lè yan ohun tí yóò dojú kọ, kí ó sì dojú ìjà kọ ọ́, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń darí rẹ̀ tún dá sí i. Ó dà bí ẹni pé ó rọrùn láti tú sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ibi tí ògbufọ̀ ti máa ń kọsẹ̀ ni òtítọ́ ti máa ń yọjú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni 'target'. Àfojúsùn ni a máa ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí olùkọ́ ń kọ sí orí ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ lu àfojúsùn rẹ̀, bí ẹni tí ó yege ìdánwò ni yóò dún létí. Ẹ̀dá alààyè tí ó ń mí ti di góńgó. Èkejì ni 'engage', ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì tún fi ń sọ nípa àdéhùn ìgbéyàwó àti gbígba ènìyàn síṣẹ́. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ìbọn ń ṣe. A ń yìnbọn lu ènìyàn ni, a ń ju àdó olóró lù ú ni, a ń pa á ni. Ẹ̀kẹta ni 'select'. Yíyàn ni, ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ẹni tí ó bá yan nǹkan ní ìdí tí ó fi yàn án, a sì lè bi í. Ẹ̀rọ kò ní ìdí. Ìwọ̀n ìjọra ni ó ní. Ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ yóò wá rí i pé gbólóhùn kúkúrú yẹn ti fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ ènìyàn, ó sì ti fún ènìyàn tí ó kú ní ipò nǹkan.

Ìlànà kan náà béèrè pé kí a ṣe ohun ìjà wọ̀nyí lọ́nà tí ọ̀gágun àti ẹni tí ó ń darí wọn yóò fi lè lo làákàyè ènìyàn dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó gbé gbogbo ẹrù gbólóhùn yìí ni 'yẹ'. Ta ni ó ń wọ̀n ọ́n? Òṣùwọ̀n wo ni ó fi ń wọ̀n ọ́n? Ìwé náà kò dá iye kan, kò sì tọ́ka sí adájọ́ kan. Àwọn tí ó kọ ọ́ lè sọ pé ohun ìjà pọ̀ ní oríṣi, pé ìwọ̀n kan kò lè bá gbogbo wọn mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ẹni tí a fẹ́ wọ̀n fúnra rẹ̀ mú lọ́wọ́ kì í tán iyàn.

Ìlànà mọ́kànlá tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Geneva ní ọdún 2019 dára ju èyí lọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ máa ru ẹrù ìpinnu lórí lílo ohun ìjà, nítorí pé a kò lè gbé ìjíhìn fún ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó lè bá ìyẹn jiyàn. Síbẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ọ́, gbólóhùn náà kò ní olùṣe: ó ní kí a dá ojúṣe ènìyàn sí, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò dá a sí. Àbọ̀ ni wọ́n sọ di olùwà, wọ́n sì gbé olùṣe sọnù. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì gba irú èyí tọwọ́ tẹsẹ̀. Gírámà Yorùbá kò gbà á. Ó ń béèrè pé ta ni. Bí a bá sì dáhùn pé 'ènìyàn', a kò tíì dáhùn, nítorí pé ẹni tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀gágun àti ààrẹ orílẹ̀-èdè, ènìyàn ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí Gẹ̀ẹ́sì kó pọ̀ tí Yorùbá yà sọ́tọ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'responsibility' lè jẹ́ ojúṣe, èyí tí ó wà kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ ìjíhìn, èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀bi, èyí tí adájọ́ ń dì ru ènìyàn. Ó sì lè jẹ́ gbèsè, èyí tí a fi owó gbà-má-bínú san. Nígbà tí ìjọba bá sọ pé òun gba 'responsibility', ó lè jẹ́ ìkẹrin yìí nìkan ni ó ní lọ́kàn. Abala 91 nínú Àfikún Kìn-ín-ní sí Àdéhùn Geneva, tí ó jáde ní ọdún 1977, mú kí orílẹ̀-èdè dáhùn fún gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn inú iṣẹ́ ológun rẹ̀ bá ṣe. Èyí dára, ṣùgbọ́n owó kì í lọ sẹ́wọ̀n. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ya ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́tọ̀ ti fún un ní irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé Geneva kò ní.

'Wọ́n' àti 'wáyé'

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí máa yangàn pé èdè wa kò mọ bí a ti ń fi olùṣe pamọ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Arọ́pò-orúkọ 'wọ́n' lè dúró fún gbogbo ayé láìdúró fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi 'ṣẹlẹ̀' àti 'wáyé' náà wà, tí wọ́n ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀ di olùwà ara rẹ̀. A máa ń yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìkọlù wáyé, nítorí pé ó dún bí èdè ìwé ìròyìn. Ó yẹ kí a tún un rò.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, drónù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju àdó olóró lu àwọn ará abúlé Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Máólúdì. Àjọ NEMA kéde ènìyàn 85 tí ó kú. Àwọn mìíràn ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ ológun gbà pé òun ni òun ṣe é, ó sì ní àwọn tí ó ń wòran láti òkè ṣi ohun tí wọ́n rí kà: wọ́n rò pé agbésùnmọ̀mí ni àwọn tí ó péjọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó kéde pé àwọn ọmọ ogun méjì yóò fojú ba ilé ẹjọ́ ológun.

Drónù yẹn kì í ṣe adáṣiṣẹ́. Ènìyàn ni ó wò, ènìyàn ni ó pàṣẹ, ènìyàn ni ó tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn gan-an tí a fi mú un wá. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí: 'Ìkọlù kan wáyé ní Tudun Biri', 'Wọ́n ju àdó olóró lu Tudun Biri', 'Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju àdó olóró lu àwọn ará Tudun Biri.' Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni a lè gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun tí ó sì mú kí ó ṣeé ṣe láti pe ènìyàn méjì lẹ́jọ́ ni pé àwọn ènìyàn wà tí wọ́n wò tí wọ́n sì ṣi ohun tí wọ́n rí kà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ó wo àwùjọ ènìyàn ní òru, tí ó ka ìjókòó wọn sí ti ọ̀tá, tí ó sì ju àdó, gbólóhùn wo ni ìjọba ì bá kọ? Ẹ̀rù ń bà wá pé 'Àṣìṣe ẹ̀rọ wáyé' ni. Gírámà rẹ̀ yóò pé, ilé ẹjọ́ yóò sì ṣófo.

Orúkọ tí a sọ ohun ìjà náà

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Àwọn ìlànà Geneva kan náà kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun ìjà wọ̀nyí bí ẹni pé ènìyàn ni wọ́n. Ìkìlọ̀ yìí tọ́ sí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tààrà. 'Ohun ìjà adáṣiṣẹ́' ni a ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń ṣẹ̀dá adájọ́, apẹja àti apànìyàn. Òun náà ni a fi ṣẹ̀dá ajọ̀ àti asẹ́, tí wọ́n jẹ́ irinṣẹ́ lásán. Kò sí ẹni tí yóò bi ajọ̀ léèrè ìdí tí pàǹtí fi kù nínú èlùbọ́. Obìnrin tí ó jọ̀ ọ́ ni a ó bi. Nínú ìsọ̀rí wo ni 'adáṣiṣẹ́' wà? Ṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ apànìyàn ni, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajọ̀? Gbogbo ẹjọ́ tí ó wà ní Geneva ń bẹ nínú àfòmọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Lójú tiwa, ẹ̀gbẹ́ ajọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi í sí, kí a sì máa sọ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo tí a bá ń lò ó. 'Ọgbọ́n àtọwọ́dá' ràn wá lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan: ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é ti jẹ́wọ́ pé ọwọ́ kan ni ó dá a. Ṣùgbọ́n 'ọgbọ́n' lè tan ni jẹ. Nínú òye Yorùbá, ọgbọ́n kò yàtọ̀ sí ìwà. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dáwọ́ dúró kì í ṣe ọlọ́gbọ́n. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ yìí wà fún ìjíròrò gbogbogbòò, ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin, kí a kọ 'ẹ̀rọ tí ènìyàn ti ṣètò láti máa wá ènìyàn pa'. Ó gùn, kò sì dùn létí. Kò yẹ kí ó dùn létí.

Ìránṣẹ́ tí kò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ

Òwe mìíràn wà tí ó dà bí ẹni pé ó tako èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí agbẹjọ́rò àwọn ọ̀gágun Jámánì bá gbọ́ Yorùbá, òwe yìí ni ì bá pa ní Nuremberg. Ìdájọ́ ọdún 1946 kọ àwáwí náà: àṣẹ láti òkè kò wẹ ẹni tí ó pa aláìṣẹ̀ mọ́. Òfin àgbáyé gba ẹ̀gbẹ́ òwe àkọ́kọ́. Ó gbà pé ìránṣẹ́ lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, nítorí náà ni ó ṣe lè dá a lẹ́bi bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kankan. Ó lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣe, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kì í ṣe ìjíhìn. Ẹni tí ó ń jíhìn ń dúró níwájú ẹlòmíràn, ojú sì lè tì í. Robert Sparrow, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìrònú ní Australia, sọ ní ọdún 2007 pé bí a kò bá lè rí ẹni tí ó tọ́ láti dá lẹ́bi fún ikú tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fà, kò tọ́ kí a lò ó rárá. Christof Heyns, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ọmọ Gúúsù Áfíríkà, nínú ìròyìn tí ó kọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 2013, pè fún ìdádúró ṣíṣe àti lílo wọn títí a ó fi rí òfin tí yóò de wọ́n. Ní òdìkejì, Ronald Arkin ní Amẹ́ríkà ti jiyàn pé ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù, kì í bínú, kì í gbẹ̀san, nítorí náà ó lè pa òfin ogun mọ́ ju ọmọ ogun lọ. Àríyànjiyàn rẹ̀ kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ohun tí ìbínú ọmọ ogun ti fà nínú ogun ilẹ̀ Áfíríkà kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè bínú kò lè ṣàánú. Ọmọ ogun tí ó rí ọmọdé níwájú ìbọn tí ó sì gbé ìbọn sílẹ̀, ìmọ̀lára ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ìránṣẹ́ kò bá lè fi tọmọ jẹ́ ẹ, ta ni ojúṣe ọmọ wá kù sí lọ́wọ́? Ìdáhùn wa ni pé ó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an, ní ìlọ́po. Ẹni tí ó rán ènìyàn lè retí pé ìránṣẹ́ yóò ronú lójú ọ̀nà; ẹni tí ó rán ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti ro gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó tan án. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn kan yóò sọ pé kò tọ́ láti dá ọ̀gágun lẹ́bi fún ohun tí kò lè rí tẹ́lẹ̀. A gbà pé kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe, a jẹ́ pé nígbà tí ó rán an ni ó ṣẹ̀.

Ibí yìí ni òfin tí ó wà nílẹ̀ ti ní ihò. Abala 30 nínú òfin Róòmù ti ọdún 1998, tí a fi dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀, ní kí adájọ́ tó dá ènìyàn lẹ́bi, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ní in lọ́kàn, ó sì mọ̀. Ìwà àìbìkítà lásán kò sábà tó. Abala 28 lè mú ọ̀gágun tí ó yẹ kí ó mọ̀ tí kò sì dá àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́kun, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé àwọn yẹn ti dá ọ̀ràn. Ẹ̀rọ kò lè dá ọ̀ràn, nítorí náà ẹsẹ̀ abala yẹn kò kanlẹ̀. Èdè òfin ti gba pé ẹni tí ó wà láàárín jẹ́ ènìyàn. Nígbà tí ènìyàn kúrò níbẹ̀, gbólóhùn náà pàdánù olùwà rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Kì í ṣe pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dákẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS pàdé ní Freetown, wọ́n sì pè fún òfin àgbáyé tí yóò de ohun ìjà adáṣiṣẹ́ ní ti tòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, orílẹ̀-èdè 152 ni ó dìbò gbe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n di 166. Akọ̀wé Àgbà àjọ náà àti ààrẹ àjọ Red Cross ti àgbáyé ti jọ bẹ̀bẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 pé kí a parí àdéhùn kan kí ọdún 2026 tó parí. Àjọ Red Cross fúnra rẹ̀ ti dábàá láti ọdún 2021 pé kí a fòfin de èyí tí a kò lè mọ ohun tí yóò ṣe, kí a fòfin de èyí tí a ṣe láti máa wá ènìyàn pa, kí a sì fi ààlà sí ibi, àkókò àti irú ohun tí àwọn yòókù lè kọlù.

Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè ńlá mìíràn ni wọ́n ń fi kọ gbogbo ìwé wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ó ní kí a tú wọn sí Yorùbá, Hausa, Igbo, Wolof tàbí Bambara fún rédíò, fún àgọ́ ológun àti fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà kò pọ̀. Kí ó má ṣe tú gbólóhùn kankan tí kò lè sọ olùṣe rẹ̀. Bí ìwé kò bá sọ ọ́, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé kò sọ ọ́. Kí ó má ṣe fi 'wáyé' rọ́pò 'pa'. Kí ó ya ojúṣe, ìjíhìn, ẹ̀bi àti gbèsè sọ́tọ̀. Ní ti àwọn aṣojú wa tí ó ń lọ sí Geneva, kí wọ́n béèrè pé kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere: nígbàkúùgbà tí a bá rán irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ jáde, kí ẹnì kan tí a mọ orúkọ àti ipò rẹ̀ buwọ́ lù ú pé òun mọ ibi tí ó ń lọ, òun mọ ohun tí ó lè ṣe, òun sì lè dá a dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti yẹ èdè ìlànà Amẹ́ríkà, ìlànà Geneva àti òfin Róòmù wò, a sì ti fi hàn pé ibi kan náà ni wọ́n ti ń jò: wọ́n gba ènìyàn gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀. A tún fi hàn pé èdè tiwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ra. Àwọn ará Tudun Biri mọ orúkọ àwọn òkú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin tí ó bá kọ ikú wọn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ orúkọ ẹni tí ó rán ikú náà, yálà ènìyàn ni ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún tàbí ẹ̀rọ. Òfin tí kò bá lè dáhùn 'ta ni', kò tíì parí, bí ó ti wù kí àwọn abala rẹ̀ pọ̀ tó.